Abẹ́ Pájẹ́ńtì Ni Mo Ti Ṣiṣẹ́

Tíṣà kan ní Ìyànà Ọ̀fà ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tó fẹ́ parí ilé ẹ̀kọ́ girama, kí wọ́n lè mọ irú iṣẹ́ tí ènìyàn lè fi ayé rẹ̀ ṣe. Ó ní kí n kọ́kọ́ sọ orúkọ iṣẹ́ mi. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú fún mi. Mo ti jókòó ti bébà yìí tipẹ́, n kò mọ ohun tí mo lè pè é.

Bí mo bá ní káfíńtà ni mí, n kò parọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sùn lórí ibùsùn tí mo kàn rí, àyàfi èmi àti ìyàwó mi. N kò kan ilẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni. Ìtàgé ni mo ń kàn, èyí tí wọ́n ń gùn láti fi ṣeré ìtàn Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń gùn lọ́jọ́ ìdágbére, èyí tí àwọn baálẹ̀ ń jókòó lé lọ́jọ́ ayẹyẹ ìlú. Ọ̀gá tó kọ́ mi kì í pè é ní ìtàgé. Pájẹ́ńtì ni wọ́n ń pè é. Lónìí, bí mo bá sọ fún ọmọdé pé pájẹ́ńtì ni mo kàn jẹun, yóò rẹ́rìn-ín. Lójú tirẹ̀, pájẹ́ńtì ni ibi tí àwọn ọmọbìnrin ti ń rìn lọ rìn bọ̀ kí wọ́n lè mọ èyí tó rẹwà jù. Báwo ni ènìyàn ṣe ń kan ìyẹn?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Bóyá ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yóò rí ohun tí èmi kò rí.

Abúlé kan lẹ́yìn Akínyẹlé ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, oko ni iléèwé mi ní kékeré. Nígbà tí mo dàgbà tó ẹni tó lè gbé pákó, bàbá mi mú mi lọ sí Olódò, sọ́dọ̀ Ọ̀gá Àjàní. Bàbá mi ní, "Ẹ gbà á bí ọmọ. Bó bá ṣe ohun tí kò dáa, ẹ nà án. Ẹ má retí kí n wá bẹ̀bẹ̀ fún un."

Ọ̀gá Àjàní kò wo ojú mi. Ọwọ́ mi ni wọ́n wò, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà wọ́n bi bàbá mi pé, "Ṣé ó máa ń bẹ̀rù òkùnkùn?"

Bàbá mi ní rárá.

"Ó dáa. A máa wà lókùnkùn dáadáa."

Bàbá mi wò mí, mo wo bàbá mi. Kò yé àwa méjèèjì, ṣùgbọ́n bàbá mi ti dìde, ọ̀nà jìn. Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ nìyẹn.

Ìṣó ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Bí a bá tú ìtàgé palẹ̀ lẹ́yìn eré, èmi ni mo ń ṣa ìṣó tó wọ́, tí mo ń fi òòlù nà án lórí òkúta títí yóò fi tọ́. Bó bá ṣì wọ́ díẹ̀, ọ̀gá mi á jù ú padà sínú agolo, wọn ò ní sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ayùn. Mo ń fi ayùn gé igi ìdáná lásán títí ọwọ́ mi fi dúró. Wọn kì í yin ènìyàn. Bí iṣẹ́ bá dára, wọ́n á kọjá lára rẹ̀. Bí kò bá dára, wọ́n á dúró tì í, wọ́n á máa wò ó. Mo bẹ̀rù ìdúró yẹn ju pàṣán lọ.

Òfin kan wà tí gbogbo Olódò mọ̀ mọ́ wọn lára. Ẹni tó kàn án ló ń wà lábẹ́ rẹ̀. Bí eré bá bẹ̀rẹ̀ lókè, ọ̀gá mi á ká aṣọ iwájú ìtàgé sókè, á wọ abẹ́ rẹ̀, á jókòó sílẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ ti igi ìdábùú, kò sì ní jáde títí ẹni ìkẹyìn yóò fi sọ̀kalẹ̀. Káfíńtà mìíràn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. N kò gbọ́ ọ níbòmíràn.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n mú mi wọlé, eré ìbí Jésù ni wọ́n ń ṣe. Òkùnkùn ni, eruku ń bọ́ sí wa lórí. Mo ní, "Ọ̀gá, kí la ń ṣe níbí?"

"À ń gbọ́."

"Kí là ń gbọ́?"

"Igi. Igi kì í ṣẹ́ lójijì. Ó máa ń ké kó tó ṣẹ́. Àwọn tó wà lókè ò lè gbọ́ ọ, torí orin."

"Bí a bá wá gbọ́ ọ ńkọ́?"

"A ó fi èjìká gbé e títí wọn á fi sọ̀kalẹ̀. Dákẹ́."

Nígbà tó ṣe, àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì tán. Mo fẹ́ mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Mo rọra fa aṣọ, mo yọ orí. Kí n tó rí nǹkan kan, ọ̀gá mi ti fà mí létí padà.

"Ìwọ ni wọ́n wá wò ni, àbí ìwọ lo wá wòran?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Ẹni tó ń wòran kì í gbọ́ igi."

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti lọ, wọ́n ní kí n padà sábẹ́ ìtàgé òfìfo yẹn. Wọ́n ní kí n jókòó síbẹ̀ kí n máa gbọ́. Oòrùn mú, oòrùn rọ̀. Wọ́n wá ká aṣọ sókè, wọ́n ní, "Kí lo gbọ́?"

"N ò gbọ́ nǹkan kan, sà."

"O ò tíì gbọ́." Wọ́n ju aṣọ sílẹ̀.

Mo sunkún díẹ̀. Ibi tí mo ti gbé orí ti òpó ẹ̀yìn tí mo ń fi aṣọ nu ojú, mo gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀ tó ń ṣe kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Kòkòrò ń jẹ igi nínú. Mo sáré jáde lọ sọ fún wọn. Ọ̀gá mi fi etí ti òpó náà, wọ́n ní, "A ó yọ ọ́." Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá wọ́n mọ̀ pé kòkòrò wà níbẹ̀ kí wọ́n tó ní kí n jókòó, tàbí ìyà lásán ni wọ́n fẹ́ fi jẹ mí tí orí bá mi ṣe é.

Ẹ ó rí i pé ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ yìí, n kò wo eré kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rí. Àwọn ènìyàn á máa bi mí pé, "Ìṣọ̀lá, báwo ni ti ọdún yìí ti rí?" N kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni ẹsẹ̀. Hẹ́rọ́dù máa ń wúwo, kódà bí ọmọ tínrín ni wọ́n fi ṣe é, torí ó ń gbìyànjú láti wúwo. Àwọn áńgẹ́lì kì í dúró lójú kan, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ní ìjọ Aládúrà, kò sí ẹni tó ń fi bàtà gun ibi mímọ́, nítorí náà ẹsẹ̀ lásán ni gbogbo wọn fi ń gun ìtàgé. Ẹsẹ̀ lásán ṣeé mọ̀ yàtọ̀ bí ohùn.

Ọdún kan, mo gbọ́ ẹsẹ̀ Màríà. Ti ọ̀tún á tẹ pákó gbọn-in, ti òsì á fà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni tó ń fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀ pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́. Kì í ṣe pé ó yarọ. Bó ṣe ń rìn ni. Nígbà tí eré parí, mo lọ dúró nídìí àtẹ̀gùn, mo ń wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń sọ̀kalẹ̀. Ọmọbìnrin kan dúró níwájú mi.

"Ìwọ yìí, kí lo sọ nù sílẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ ni mo ń wò."

"Ẹsẹ̀ ta?"

"Ṣé ìwọ lo ṣe Màríà?"

"Gbogbo ìlú ló rí i pé èmi ni. Ṣé o ò wòran ni?"

"Abẹ́ ni mo wà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú. Àbẹ̀kẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Òun ni mo fẹ́. Ó máa ń sọ ọ́ fún àwọn àlejò pé, "Ọkọ mi ò rí mi kó tó yàn mí. Ó gbọ́ mi ni." Àwọn àlejò á wò mí kí n ṣàlàyé. N kì í ṣàlàyé.

Òun ló ní kí n lọ sí iléèwé àgbà. Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́, èmi àti àwọn àgbẹ̀ àti àwọn onímọ́tò á jókòó lórí àga àwọn ọmọ kékeré, eékún wa á kan àyà wa. Tíṣà wa ní kí olúkúlùkù mú ọ̀rọ̀ kan wá láti ìdí iṣẹ́ rẹ̀. Mo mú pájẹ́ńtì wá. Mo ní kí ó sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún mi, torí ọ̀gá mi gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá tiwọn, tí òun náà gbọ́ ọ lẹ́nu àlùfáà Áńgílíkà kan tó bá ṣiṣẹ́ láyé àtijọ́.

Tíṣà lọ wá a nínú ìwé. Nígbà tó padà dé, ó ní láyé àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ló ń ṣe eré ìtàn Bíbélì ní ìgboro. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìtàn tirẹ̀. Níbì kan, àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ló gba ìtàn Nóà. Wọ́n á kan ìtàgé sórí kẹ̀kẹ́, wọ́n á máa tì í láti ojúlé dé ojúlé, kí àwọn tí kò lè kàwé lè fi ojú rí i. Ìtàgé yẹn àti eré orí rẹ̀ ni wọ́n jọ ń pè ní pájẹ́ńtì. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ náà ń ṣí kiri. Ó di ìwọ́de aláràbarà, ó di eré ìtàn ìlú lórí pápá, ó wá di ìdíje ẹwà.

Mo ní, "Níbo ni ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti wá?"

"Wọn ò mọ̀ dájú. Àwọn kan ní láti inú èdè Látìnì ni, láti inú orúkọ tí wọ́n ń pe ojú ewé ìwé. Wọ́n tún ní ó ṣeé ṣe kí orúkọ yẹn wá láti inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kí a kan nǹkan mọ́ra kó dúró."

"Ojú ewé àti ìṣó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́. Wọ́n ṣì ń jiyàn."

"Àwọn tó kàn án, ṣé wọ́n máa ń wà lábẹ́ rẹ̀?"

Tíṣà tún ìwé wò. "Àwọn kan kọ ọ́ pé àwọn òṣèré ń múra nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn míì ní irọ́ ni."

"Ta ló wá ń gbọ́ igi?"

"Wọn ò kọ ìyẹn, Bọ̀dá Ìṣọ̀lá."

Mo gbé gbogbo rẹ̀ lọ bá ọ̀gá mi, bí ẹni tó rí oúnjẹ lójú ọ̀nà. Wọ́n ń fi ráńdà fá pákó lọ́wọ́, wọn ò dúró. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ yẹn, ṣé yóò gbé ènìyàn dúró bí wọ́n bá gùn ún?"

"Rárá, sà."

"Mú pákó kejì wá."

Ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yẹn wọ̀ wọ́n lára. Nígbà tí ìjọ kan nítòsí Ẹ̀gbẹ́dá ní àwọn fẹ́ ìtàgé tó ń rìn fún àyájọ́ wọn, ọ̀gá mi gbà á kíá. A wá táyà ọmọlanke, a kan pákó lé e lórí, a fi aṣọ bò ó yí ká. Ìtàn Nóà ni wọ́n fẹ́ ṣe. Ọ̀gá mi kìlọ̀ fún àwọn olórí ìjọ pé Nóà àti ará ilé rẹ̀ nìkan ni pákó náà lè gbà. Wọ́n ní, "A ti gbọ́, Bàbá."

Wọ́n tì í yí ìlú ká, eré ń lọ lórí rẹ̀, àwọn ènìyàn ń tẹ̀lé e. Ẹwà ni. Ìyẹn nìkan ni mo fi ojú mi rí lára gbogbo eré tí a ṣe, torí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni èmi àti ọ̀gá mi ń rìn. Nígbà tó dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dá a dúró, a fi òkúta ti táyà, àwa méjèèjì sì wọ abẹ́ rẹ̀ bí ìṣe wa.

Lókè, òjò dá, Nóà jáde nínú ọkọ̀, wọ́n gbé orin ọpẹ́ sókè. Orin yẹn wọ̀ wọ́n lára. Bí orin bá wọ Aládúrà lára, ta ló ń rántí ìkìlọ̀ káfíńtà? Mo gbọ́ ẹsẹ̀ tí n kò mọ̀. Òmíràn tún gùn ún, òmíràn tún gùn ún, wọ́n ń jó. Igi bẹ̀rẹ̀ sí í ké lábẹ́ ọwọ́ mi.

Ọ̀gá mi sọ ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Lọ mú igi ìtìlẹ́yìn wá."

Mo ní, "Ọ̀gá, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín."

"Mo ní kí o lọ."

Mo rá jáde. N kò tíì nàró tán tí ìtàgé fi lulẹ̀. Àwọn akọrin ṣubú lé Nóà, ojú ọgbẹ́ wà lára ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kú. Gbogbo wọn ló ń sọ pé kò já lójijì, pé ó rọra wálẹ̀ bí ẹni tó ń kúnlẹ̀. Nígbà tí a gbé pákó kúrò, èjìká ọ̀gá mi ṣì wà lábẹ́ igi ìdábùú. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni igi ìtìlẹ́yìn wà. Ìbàdí wọn kò gbé wọn dúró mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Lórí ẹní ni wọ́n ti kọ́ mi ní ìyókù iṣẹ́. Wọ́n á ní kí n gbé ìsopọ̀ igi wá, wọ́n á fi ọwọ́ pa á. Ọjọ́ kan mo ní ìgboyà, mo ní, "Ọ̀gá, igi yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín."

"Ṣé ó wà níbẹ̀?"

"Èmi ni mo gbé e síbẹ̀."

"Òkùnkùn ni, Ìṣọ̀lá."

"Ẹ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, sà."

Wọ́n yí ojú sí ara ògiri. "Àwọn ìṣó inú agolo yẹn ti wọ́. Jókòó, kí o nà wọ́n."

Ọ̀gá mi gbé ìdáhùn náà lọ sí ọ̀run. N kò mọ̀ bóyá òkùnkùn ni lóòótọ́, tàbí wọ́n fẹ́ kí n jáde. Bó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ kí n jáde ni, kí ló dé tí wọ́n fi kọ́ mi pé ẹni tó kàn án kì í jáde? Mo ti yí i títí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ bá mi yí i wò.

Mo gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Irinṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ẹ̀rọ tó ń lo iná dé, ó ń gé pákó kí ènìyàn tó mí. Ìṣó onílàkàlàkà tí wọ́n ń yí wọ igi rọ́pò ìṣó tí à ń nà. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò ní purọ́, ó mú iṣẹ́ yá. Lẹ́yìn náà ni irin dé. Àwọn ọmọkùnrin á gbé páìpù wá nínú ọkọ̀ láti Ìbàdàn, wọ́n á fi bọ́ọ̀tì dè é, wọ́n á tẹ́ pákó lé e, kí iṣu tó jiná wọ́n ti ṣe tán. Kò sí ẹni tó ń wọ abẹ́ rẹ̀. Àwọn oníbàárà mi dín kù, èjìká mi náà sì ń dùn mí. Lọ́dún tí Àbẹ̀kẹ́ ṣàìsàn tó fi kú, mo kó ayùn sínú àpótí. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Mo ti wò ó láti òkèèrè, ó ṣì gún mi.

Mo rò pé iṣẹ́ ti bá mi parí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ wa obìnrin, Mojísọ́lá, wá bá mi ní ẹ̀yìnkùlé níbi tí mo ti ń bó àgbàdo. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ sí ìgbà tí mò ń kọ èyí.

"Bàámi, mo fẹ́ gba ààyè nǹkan kan lọ́wọ́ yín."

"Sọ ọ́."

"Wọ́n fẹ́ ṣe pájẹ́ńtì ní Ìyànà Ọ̀fà. Mo fẹ́ wọ̀ ọ́."

Ọwọ́ mi dúró. "Kí ni o máa ṣe lórí rẹ̀?"

"N ó rìn. Wọ́n á bi mí ní ìbéèrè nípa àwọn ará wa, nípa oko, nípa ohun tí mo fẹ́ ṣe fún ìlú. N ó dáhùn."

"Ìtàn ta ni ẹ máa ṣe?"

"Kò sí ìtàn, Bàámi. Àwa fúnra wa ni."

Mo ń bó àgbàdo lọ. N kò mọ ohun tí baba ń sọ sí irú èyí. Ìyá rẹ̀ ì bá mọ̀. Mo ní, "Ta ló máa wà lábẹ́ rẹ̀?"

Ó ní, "Kò sẹ́ni tó ń wà lábẹ́ ìtàgé mọ́." Lẹ́yìn náà ó ní, "Bí ẹ bá ní kí n má lọ, n ò ní lọ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ lọ."

Mo lọ bá wòlíì ìjọ wa, wọ́n ní ohun ayé ni pájẹ́ńtì. Mo ní, "Bàbá, ìtàgé Nóà tí a tì yí ìlú ká ńkọ́?"

"Ìyẹn kì í ṣe pájẹ́ńtì. Ti Olúwa ni ìyẹn."

"Pájẹ́ńtì ni ọ̀gá mi ń pè é."

"Ọ̀gá rẹ ṣì í pè ni."

Mo padà sílé. Tíṣà ní ọ̀rọ̀ kan náà ni, wòlíì ní ohun méjì ni. Mojísọ́lá kò jẹun dáadáa ní gbogbo ọjọ́ yẹn, kò sì bi mí mọ́. Ó ń gbálẹ̀, ó ń pọnmi, ó ń dúró dè mí. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni mo rí i tó jókòó lórí àpótí ayùn mi, aṣọ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, kò wọ̀ ọ́. Mo rí i pé bí n kò bá sọ̀rọ̀, yóò jókòó síbẹ̀ títí wọn yóò fi ṣe é tán, kò ní bá mi jà, kò sì ní gbàgbé.

Mo ní, "Lọ múra. N ó wà lábẹ́ rẹ̀."

Ó gbé ojú sókè. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. "Bàámi, wọn ò ní gbà fún yín."

"Ìyẹn kàn mí."

Ní pápá iléèwé tí wọ́n ti ṣe é, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Rídíwàánù ló ni irin. Ó rí mi níbi tí mo ti ń tẹ̀ wọ abẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, Bàbá, kí lẹ ń wá níbẹ̀ yẹn?"

"Mo fẹ́ jókòó ni."

"Àga àwọn àgbà wà níwájú."

"Abẹ́ ni mo máa ń jókòó."

Ó pe ẹnìkejì rẹ̀. "Wá wo bàbá tó ń wá ilé gbé lọ́dọ̀ mi." Ẹnìkejì ní, "Gba owó ilé lọ́wọ́ wọn." Mo ní ọmọ mi máa rìn lókè. Wọ́n wo ara wọn, ẹ̀rín náà tán. Rídíwàánù ní, "Ẹ ṣáà má fọwọ́ kan wáyà o." Ó bá mi wá àpótí mínírà òfìfo kan, ó sọ ọ́ sílẹ̀ fún mi láti jókòó.

Mo yẹ gbogbo ìsopọ̀ rẹ̀ wò. Kò sí àbùkù kankan. Ó dè dáadáa, ó ju tèmi lọ. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ ti páìpù, mo ń retí. Irin kò sọ nǹkan kan. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni gbígbọ̀n jẹnẹrétọ̀ àti orin tó ń lù mí láyà. Àwọn ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Bàtà gíga ni gbogbo wọn wọ̀. Kọ́, kọ́, kọ́, bákan náà ni gbogbo wọn. Mo gbìyànjú. N kò lè mọ ọmọ mi láàárín wọn. Mo jókòó lórí àpótí mínírà, àgbà bíi tèmi, mo sì ń bi ara mi pé kí ni mò ń ṣe níbí gan-an? Bí irin yìí bá ṣẹ́, èjìká wo ni mo ní? Bí kò bá sì lè ṣẹ́, kí ló kù tí ọ̀gá mi kọ́ mi?

Orin rọlẹ̀. Wọ́n pe orúkọ kan lókè, n kò gbọ́ ọ dáadáa. Bàtà dún dé ìdí àtẹ̀gùn, ó dúró. Àwọn èrò kùn. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ lásán gun orí mi. Ti ọ̀tún tẹ pákó gbọn-in. Ti òsì fà díẹ̀, bí ẹni tó ń gbá ilẹ̀ pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́.

Mo gbàgbé ibi tí mo wà. Ojú mi ríran nínú òkùnkùn yẹn, aṣọ ìtàgé, eruku, Àbẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí ibùjẹ ẹran lọ́jọ́ eré ìbí Jésù. Mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì sókè, mo fi gbé pákó tí kò nílò ẹni tó máa gbé e. Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀, ó dúró ní ọ̀gangan orí mi, ó dáhùn ìbéèrè wọn. N kò gbọ́ ohun tó sọ.

Kò gba ipò kankan. Wọ́n ní bàtà wà nínú ohun tí wọ́n ń wò. Nígbà tí mo rá jáde, ó ti ń dúró dè mí lẹ́yìn ìtàgé, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́.

Mo ní, "Kí ló dé tí o bọ́ ọ?"

"Màámi sọ fún mi pé ẹsẹ̀ àwọn lẹ kọ́kọ́ mọ̀." Ó nu erùpẹ̀ orí mi kúrò. "Ṣé ẹ gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́ ẹ."